Ká Jọ Jẹun Lọ́jọ́ Kan

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Ebi wọnú mi ní ọdún kòrónà, ó gbé ibẹ̀ bí onílé, síbẹ̀ ìfẹ́ wọlé bá a, àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Nígbà tó yá, ìbínú náà dé, ó ní òun ò ní í jókòó sí ìta. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbínú ló pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi.

Chorong ni orúkọ mi. Ọmọ Wando ni mí, ní ilẹ̀ Kòríà, ní erékùṣù tí bàbá àti ìyá mi ti ń sin ìgbín òkun. Daejeon ni mo ti lọ ka ìwé, ẹ má sì rẹ́rìn-ín o: ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore ni mo kà. Nígbà tí àrùn náà dé, àwọn ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń ra ìgbín òkun lọ́wọ́ bàbá mi mọ́. Ilé ẹran sísun tí mo ti ń gbé àwo kiri lálaalẹ́ ní kí n lọ sinmi ná. Sinmi ná yẹn ni mo ń sinmi lọ. Yàrá tí mò ń gbé kéré débi pé tí mo bá na ẹsẹ̀, ògiri ni mò ń ta nípàá, ṣùgbọ́n ìyá onílé máa ń gbé ìkòkò ìrẹsì kan sí ilé ìdáná fún gbogbo àwa ayálégbé, ọ̀fẹ́ ni, ìkòkò yẹn gan-an ló gbé mi débẹ̀. Ó gbé e kúrò. Ó ní ọwọ́ tó ń kan ṣíbí ìrẹsì ti pọ̀ jù, pé kòrónà lè gba ibẹ̀ wọlé.

Bó ṣe di pé mò ń dá indómì kan sí méjì nìyẹn. Ìdajì lọ́sàn-án, ìdajì lálẹ́, màá bu omi kún un kó lè dà bíi pé ó tó nǹkan. Tí a bá wá wà ní kíláàsì orí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ wa á ní kí kálukú sọ ohun tó jẹ lánàá.

"Chorong, ìwọ ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹja yíyan, mà, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà, ẹyin kan, àti ẹ̀fọ́."

"Ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹun! Ẹ máa kọ́gbọ́n lára Chorong."

Inú mi á máa kùn lábẹ́ aṣọ, màá yára pa ohùn mi kí wọ́n má baà gbọ́.

Mo wá rí iṣẹ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á ni pé oúnjẹ tí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín. Ẹ̀rọ ìsanwó fúnra rẹ̀ kì í gbà kí wọ́n tà á mọ́, á kàn máa pariwo ni. Mo mọ àkókò gbogbo ìrẹsì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ewé òkun wé lórí pẹpẹ yẹn, bí ìyá ṣe ń mọ ọjọ́ ìbí ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku ẹyọ kan, èyí tí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀. Mo ti fi ojú jẹ ẹ́ tán. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọlé, ó ga, irun rẹ̀ bò ó lójú, ó sì nawọ́ mú un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìyẹn." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú.

"Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Kí ló wá dé?"

"Àkókò rẹ̀ máa tó pé. Tó bá ti pé, tèmi ni."

Ìbòmú bo ìdajì ojú rẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó wá dúró tì í.

"Kí lẹ wá fẹ́ rà?" ni mo bi í.

"Kò sí. Mò ń bá ọ ṣọ́ ọ ni, kí olè má gbé e."

Ó dúró. Nígbà tí àkókò pé, ó gbé e wá síwájú mi, ó fi kan ẹ̀rọ ìsanwó, ẹ̀rọ pariwo. "Ó tán," ló wí. "Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí sí i. Jẹun o, ọmọge."

Kibeom ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tààrà. Ọmọ ẹyọ kan ni fún ìyá opó tó ní ṣọ́ọ̀bù kimchi, ìyẹn ẹ̀fọ́ aláta tí wọ́n jẹ́ kó kan, àti oríṣiríṣi ọbẹ̀ ní ọjà àdúgbò. Lásìkò tí gbogbo ayé ń jẹun nílé, ọwọ́ ìyá náà kì í dilẹ̀. Lálaalẹ́ ni Kibeom ń fi fóònù bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Lálaalẹ́ ni mò ń dá a lóhùn pé mo ti jẹun. Kò gbà mí gbọ́. Ó máa ń gbé kimchi wá, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà dín, nínú ike.

"Ta ló ní kó o gbé e wá?"

"Màmá mi ni. Wọ́n ní kí n gbé e fún ọ."

"Wọ́n mọ̀ mí?"

"Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ fún wọn."

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn. Mo ti ń pe obìnrin tí mi ò rí rí ní ìyá nínú ọkàn mi. Ọjọ́ tí a jọ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, ó jáde wá nu ọwọ́, mo tẹrí ba títí orí mi fi fẹ́ẹ̀ kan eékún. Ó wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ dáadáa," ló wí. "Ká jọ jẹun lọ́jọ́ kan."

Lọ́dọ̀ wa, ó dàbọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Ọmọ kékeré mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún kì í lọ fọ ọwọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti sọ ọ́ fún àìmọye èèyàn tí mi ò fẹ́ rí mọ́. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ju oúnjẹ lọ nínú gbólóhùn. Ohun tí mo gbọ́ ni jẹun. Ohun tí mo gbọ́ ni ọjọ́ kan.

Ọdún ìkórè dé. Àwọn àgbà abúlé wa ta aṣọ gbàgàdà sí ẹnu èbúté, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọmọ tó bá fẹ́ràn òbí rẹ̀ kó má wálé o. Ìyá mi sunkún lórí fóònù, ó fi ewé òkun gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n rí nǹkan jẹ ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, gbogbo ilé tí à ń gbé dákẹ́, òórùn epo ń wá láti ilé àwọn ẹlòmíì. Mo wo ewé òkun náà. Mo ní, kì í ṣe pé mi ò níbi tí wọ́n ti pè mí. Mo wẹ̀, mo fi bébà aláwọ̀ pupa di ewé òkun náà, torí a kì í lọ sílé àgbà lọ́wọ́ òfo, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Kibeom.

Màmá Kibeom ló ṣílẹ̀kùn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ọdún, mà. Ẹ ní ká jọ jẹun."

Ó wò mí. Ó bojú wẹ̀yìn, Kibeom wà níbẹ̀, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àti ọmọ wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ìyá jáde, àtẹ ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà sí.

"Àrùn wà níta, o mọ̀," ló wí. "Jókòó síbẹ̀ yẹn jẹ ẹ́."

Ìrẹsì àárọ̀ ni, ó ti tutù, ó ti gan. Ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti yọ ẹran inú rẹ̀. Tábìlì ọdún wà nínú lọ́hùn-ún, èéfín ń rú lórí rẹ̀, mo ń rí i láti ibi tí mo wà láàárín bàtà. Ó yẹ kí n dìde. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nílé ní kí n dìde. Ọwọ́ mi gbé ṣíbí, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

"Ẹ wo bó ṣe ń jẹun!" Màmá Kibeom ń sọ ọ́ fún ògiri. "Irú èyí, tó bá wọlé ọkọ, á jẹ ilé, á jẹ oko, á jẹ ọkọ mọ́ ọn."

Mo wo Kibeom. Kò sọ nǹkan kan. Mo dìde, mo na ewé òkun sí ìyá rẹ̀ tọwọ́tọwọ́.

"Máa gbé e lọ," ló wí. "Ìwọ lo nílò rẹ̀ jù."

Mo wọ bàtà mi, mo jáde, mo bi gbogbo ohun tí mo jẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, mo tún wá sunkún oúnjẹ tó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì dé, mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní obìnrin yìí á jókòó níwájú mi lọ́jọ́ kan, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wò, ìtìjú ló sì máa jẹ yó. Kibeom pè mí títí fóònù rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò gbé e.

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àrùn lọ, ìbòmú kúrò lójú àwọn èèyàn, mo gboyè, mo ríṣẹ́ ní Mokpo, níbi tí mo ti ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ àfikún lọ́dọ̀ mi, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ti lé òṣìṣẹ́ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí ó sọ fún ọmọ kan pé "ìwọ tún ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni Ànńtí Okhui, obìnrin tí kò lè rí àpọ́n kó máà fẹ́ wá ìyàwó fún un. Ó bá mi ní ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Chorong, ṣé o fẹ́ di arúgbó sídìí ìkòkò yìí ni?"

"Ànńtí, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní ẹnìkan lọ́wọ́."

"Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ máa ń ní lọ́wọ́, orí wọn ló máa ń pá."

"Irun kún orí tèyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú. Gbogbo obìnrin tí a mú wá, ó ní òun ò fẹ́. Ìgbà tí mo dárúkọ rẹ, ó sunkún. Ọkùnrin gbàgbà!" Ó na fóònù sí mi. Kibeom ló ń wò mí nínú rẹ̀, irun rẹ̀ ṣì ń bò ó lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má bú mi. Mo ti rò pé ìbínú ti jẹ ìfẹ́ yẹn tán, mi ò mọ̀ pé ó fi egungun sílẹ̀.

A pàdé níwájú òkun. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni, ni omi bá lé ròrò sí i lójú.

"Kí ló dé tí o ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, Kibeom?"

"O mọ bí màmá mi ṣe rí. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ta ló tó kò wọ́n lójú?"

"Ìwọ."

"Mo kéré nígbà náà. Àwọn ni wọ́n ṣe é, Chorong, kì í ṣe èmi. Mo bẹ̀ wọ́n nílé ìdáná, wọn ò gbọ́. Má fi ẹ̀ṣẹ̀ ìyá jẹ ọmọ níyà."

Mo gbà á gbọ́, torí mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná nínú tèmi. Bá a ṣe ń rìn létí òkun, ọkàn kan ń sọ pé ọkọ mi rèé. Ọkàn kejì ń sọ pé ọ̀nà rèé, ọ̀nà tààrà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọkàn méjèèjì bára mu fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ní mo gbà, àmọ́ èmi ni mo máa yan ilé oúnjẹ tí àwọn ìdílé wa ti máa pàdé.

Ìyá mi yọ̀ lórí fóònù. "Ìyá ọkọ tó ń se oúnjẹ tà? Ọmọ mi, ebi ò ní pa ẹ́ láé!" Mo gé ètè jẹ. Bàbá mi ò yọ̀ ní tirẹ̀.

"Ará ìlú ńlá ni wọ́n," ló wí. "Wọ́n á máa fojú di wá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná."

"Ohùn rẹ ò dà bí ohùn ẹni tó ń lọ sílé ọkọ."

"Báwo ló ṣe dà?"

"Ó dà bí ohùn ẹni tó ń lọ sí kóòtù." Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, ó máa ń bá a.

Ọjọ́ pé. Yàrá onílẹ̀kùn bébà ni mo gbà, tábìlì gígùn, ìdílé tọkọ lọ́tùn-ún, ìdílé tìyàwó lósì, Ànńtí Okhui alárinà lórí ìjókòó àárín. Màmá Kibeom ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ń tẹrí ba fún àwọn òbí mi, ó ń yin ẹja Wando. Kò mọ̀ mí. Ẹ gbọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ mí! Ìbòmú ti bo ojú mi nígbà tó kọ́kọ́ rí mi, ìbòmú náà ni mo sì wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn nígbà kejì, ìgbà tí mo yọ ọ́ láti jẹun, àtàrí mi nìkan ló wò lórí àwo. Wọ́n gbé àwọn àwo àkọ́kọ́ wá. Bàbá mi, tó dàgbà jù, gbé ṣíbí, kálukú gbé tirẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀.

"Màmá," ni mo wí, "ẹ ò rántí mi?"

"Ọmọ mi, níbo la ti ríra rí?"

"Ní ẹnu ọ̀nà yín. Láàárín bàtà."

Ṣíbí rẹ̀ dúró. Mo wá sọ ọ́, láìgbé ohùn sókè, bí mo ṣe máa ń ka orúkọ oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo sọ ìrẹsì tútù. Mo sọ ọbẹ̀ tí wọ́n yọ ẹran inú rẹ̀. Mo sọ "á jẹ ilé, á jẹ oko". Mo sọ ewé òkun tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ sá, tí wọ́n ní kí n máa gbé lọ. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, ó wo Màmá Kibeom bí ẹni wo ìjì lókèèrè. Mo ti ń retí ojú yẹn láti ọjọ́ ibùdókọ̀. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ju oúnjẹ lọ.

"Òótọ́ ni," ni Màmá Kibeom wí. Kò jiyàn. "Mo ṣe é. Àmọ́ ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ni wọ́n sọ fún mi pé o jẹ́?"

"Ọ̀rẹ́bìnrin ọmọ yín. Ẹ̀yin náà lẹ ń fi kimchi ránṣẹ́ sí mi."

"Èmi? Èmi fi kimchi ránṣẹ́?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo ń wá ike oúnjẹ mi káàkiri ṣọ́ọ̀bù! Nígbà tí mo bi í, ó ní ọmọbìnrin kan ló ń tọrọ, pé ó ti lẹ̀ mọ́ òun, pé nítorí ọbẹ̀ wa ló ṣe ń tẹ̀ lé òun. Lọ́jọ́ ọdún yẹn, mo bi í nílé ìdáná pé, 'Kibeom, ṣé àfẹ́sọ́nà rẹ nìyí? Kí n gbé àga fún un?' Ó ní, 'Rárá o, màmá. Ẹ má jẹ́ kó wọlé. Tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, á di àṣà.'"

Ẹja tó wà láàárín wa ń rú èéfín.

"Kó tiẹ̀ jẹ́ alágbe," ni mo wí, torí inú mi ò tíì rọ̀, "ṣé ìrẹsì tútù la fi ń ṣe ọdún fún alágbe?"

Ó tẹrí ba. "Rárá," ló wí. "Ìyẹn jẹ́ tèmi."

Mo wá yíjú sí Kibeom. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. Mo fẹ́ kó pariwo. Mo fẹ́ kó ní irọ́ ni ìyá òun ń pa, kó lu tábìlì, kó sunkún, kó ní òun tijú mi nígbà náà torí mo jẹ́ tálákà, kó ní ohunkóhun. Ká ní ó jẹ́wọ́ ni, bí mo ṣe rí mi yìí, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ìfẹ́ ò tíì kú, ó ń retí.

"Kibeom," ni mo wí, "ṣé òótọ́ ni?"

Ó fi igi ìjẹun tún ẹja tó wà nínú àwo ìyá rẹ̀ tò.

"Màmá, ẹ jẹun," ló wí. "Oúnjẹ ń tutù."

"Kibeom!" ni Ànńtí Okhui pariwo. "Ìwọ lo ní kí n wá bá ọ bẹ ọmọ yìí!"

Kò wò ó. Ohun tó wà nínú mi fún un láti ọjọ́ ẹ̀rọ ìsanwó yẹn, níbẹ̀ ló ti jáde lọ. Mo mọ̀ ọ́n lára, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iná ti kú nínú yàrá. Ó dùn mí. Mo sì rí i kedere pé gbogbo ọdún tí mo fi ń lọ ọ̀bẹ, ọrùn ẹlòmíì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá?"

"Mo ní kó o dìde. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ mí sí ẹni tó ń bọ́ èèyàn. O fi irọ́ mú mi fún ọmọ ọlọ́mọ ní oúnjẹ láàárín bàtà. Bọ́ síta. Àwọn tó ń jẹun ló wà níbí."

Kibeom wo bàbá mi bóyá àgbà ọkùnrin á bá òun dá sí i. Bàbá mi ń wo ẹja. Kibeom wò mí. Mo fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn bébà dé lẹ́yìn ara rẹ̀, a ń rí òjìji rẹ̀ níbẹ̀ tó dúró, kò lè wọlé, kò lè lọ, torí òun ló máa fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ padà sí Daejeon. Òórùn oúnjẹ ń lọ bá a.

Ọmọbìnrin tó ń gbé àwo wá mú ìrẹsì gbígbóná dé. Ó wo àga tó ṣófo.

"Ti ọkọ ìyàwó ńkọ́?"

"Gbé e wá síbí," ni mo wí. Mo jẹ tèmi, mo fa tirẹ̀ mọ́ra. Ìyá mi ń sunkún, ó ń jẹ ọbẹ̀. Ànńtí Okhui ní òun ò ní í ṣe alárinà mọ́ láyé òun, ó sì bu ìgbín òkun sí i. Màmá Kibeom kò jẹ nǹkan kan. Ó ń yọ egungun ẹja, díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́, nígbà tó yọ ọ́ tán, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó gbé ẹran ẹja náà lé orí ìrẹsì mi.

Mo jẹ ẹ́. Mi ò dúpẹ́.